Bí ẹ ṣe máa gun mọ́tò tó ń wọ odò, tí ẹ bá dé Boston

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lọ tọ́jú ọmọ tuntun ní Boston, àwọn ọmọ ẹ̀ sì ti ní àwọn máa gbé e gun "duck" (pẹ́pẹ́yẹ), ló bá pè mí lálẹ́ àná pé ṣé mọ́tò ni àbí ọkọ̀ ojú omi, torí èmi ni mo máa ń wa àlejò kọjá láti Marina Badagry lọ sí Gberefu. Mo ní méjèèjì ni.

Ogun Hítílà ló bí i. GMC, ilé iṣẹ́ mọ́tò Amẹ́ríkà, ló ṣe é láti 1942, DUKW lorúkọ ẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní "duck", wọ́n ṣe ju 20,000 lọ, táyà mẹ́fà, propeller lẹ́yìn, kó lè máa kó ẹrù látinú ọkọ̀ òkun wá sí etíkun tí kò ní jẹtì. Ní 1946 wọ́n ti ń fi kó àwọn tó ń ṣe fàájì kiri ní Wisconsin Dells, ìlú ìgbafẹ́ kan ní Amẹ́ríkà. Lórí títì ó lè sá tó 80 kìlómítà ní wákàtí kan, nínú omi bíi 10 péré, ọkọ̀ mi tó ń wúkọ́ yìí gan-an á yà á sílẹ̀.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ gbójú sókè. Ṣé òrùlé wà? Níbí, mi ò kì í tú okùn ọkọ̀ tí gbogbo yín ò bá tíì de láìfù jákẹ́ẹ̀tì, àmọ́ lábẹ́ òrùlé ọ̀rọ̀ yàtọ̀, torí tí ọkọ̀ bá rì, jákẹ́ẹ̀tì á gbé yín sókè, á wá lẹ̀ yín mọ́ òrùlé, ẹ ò ní lè jáde. Ní 1999 ní Arkansas, rọ́bà tó dí ọ̀pá tó ń yí táyà jò, ọkọ̀ rì, èèyàn 13 kú nínú 21, òrùlé há ọ̀pọ̀ wọn mọ́lẹ̀. Ní 2018 ní Branson, ìlú kan ní Missouri, ìjì ló rì òmíràn, 17 kú nínú 31. Òfin Amẹ́ríkà ti 2022 ní kí wọ́n yọ òrùlé àti kọ́tìnnì tó lè dí ọ̀nà kí wọ́n tó wọ omi. Torí náà tí ẹ bá rí tapólì lórí tó ṣì bò yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kíá, owó tíkẹ́ẹ̀tì ò tó nǹkan.

Ẹ wo ojú ọ̀run náà, tó bá ṣú, ó dọ̀la.

Tí imú ọkọ̀ bá fẹ́ wọ odò, ẹ di báàgì mú, omi á ta sí àwọn tó wà níwájú. Ẹ mú súwẹ́tà dání.

Wọ́n á tún ní kí ẹ ké bíi pẹ́pẹ́yẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò lè ké bíi pẹ́pẹ́yẹ lójú àna òun.