Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Rédíò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Tí Olùgbọ́ Ń Gbọ́ Bùkátà Rẹ̀

Kí ẹ tó tọrọ kọ́bọ̀ lọ́wọ́ olùgbọ́, ó ti ń náwó lórí yín. Ẹni tó ń gbọ́ FM, bó bá ti ra bátìrì, ó parí. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì kò rí bẹ́ẹ̀: ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá fi gbọ́ yín, dátà rẹ̀ ló ń jẹ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dá rédíò sílẹ̀ ní Yábà, Sùúrùlérè àti Agége ti kọ́kọ́ ń ṣìnà. Wọ́n á gbé ohùn jáde ní 320 kbps (kbps ni ìwọ̀n dátà tí ohùn ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) torí pé ó dùn nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣètò, wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì pé àwọn èèyàn kì í pẹ́ kí wọ́n tó lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ yìí. Kódà ní 128 kbps, wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi 58 MB. Ìyá aláta kan ní Oyíngbò, tó gbé fóònù rẹ̀ sínú agolo mílíìkì ńlá tó ti ṣófo kí ohùn lè ròkè, bó bá ń gbọ́ yín fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, á ti lo ju 5 GB lọ kí oṣù tó parí. Ní 32 kbps, tí ẹ bá lo AAC+, ọ̀nà ìfúnpọ̀ ohùn tí kì í jẹ dátà púpọ̀, kò ní tó 1.5 GB. Ọ̀rọ̀ ẹnu ṣì ń dún ketekete níbẹ̀, orin náà kò sì burú fún ẹni tó ń fi fóònù gbọ́. Ẹ ṣe é ní oríṣi méjì, èyí tó fúyẹ́ àti èyí tó wúwo, kí ẹ sì kọ iye MB tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ ní wákàtí kan sára ibi tí wọ́n máa tẹ̀. Ọjà Oyíngbò lè má mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Rédíò tí igba èèyàn ń gbọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀.

Àwọn míì ń fi kọ̀ǹpútà inú yàrá wọn ṣe sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pín ohùn fún àwọn olùgbọ́, kí wọ́n má baà sanwó fún àyè níbòmíì. Bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá ń gbọ́ yín ní 64 kbps, 6.4 Mbps, ìyẹn 6,400 kbps, ló gbọ́dọ̀ máa jáde láti yàrá yẹn láìdáwọ́ dúró. Módẹ́ẹ̀mù onísíìmù kò lè rù ú nírọ̀lẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gba àyè sórí sáfà tó dáa, kí ẹ̀yin máa fi ohùn kan ṣoṣo ránṣẹ́ síbẹ̀, kí ó máa bá yín pín in.

Wọ́n á sì mú iná. Bí ìsopọ̀ yín bá já tí kò sí ohun tó máa rọ́pò rẹ̀, fóònù olùgbọ́ á dákẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ní padà wá wò ó. Ẹni tó bá ń lo Icecast, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé rédíò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ ṣètò fallback-mount: ẹ ti kó orin àti ètò tẹ́ ẹ ti gbà sílẹ̀ sórí sáfà, kí ó gbà á lọ́gán tí ti yín bá já. Irú kan náà ni kí méjèèjì jẹ́ o. Bí ti tààrà bá jẹ́ MP3, kí ti ìrọ́pò náà jẹ́ MP3.

Ọ̀rọ̀ owó ló ká mi lára jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ará Èkó kì í sanwó rédíò. Ní 1935 tí rédíò bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, wáyà ni wọ́n fi ń fà á wọlé, àwọn onílé sì ń san owó àpótí náà. SomaFM ní San Francisco ti ń gbé orí owó olùgbọ́ láti 2000, kò sì gba ìpolówó ọjà. Àwọn èèyàn ń sanwó fún ohun tí wọ́n bá mọ ibi tó ń lọ. Àṣìṣe tó burú jù ni kí ẹ dákẹ́ títí gbèsè á fi dé ọrùn, kí ẹ wá bọ́ sórí afẹ́fẹ́ pé "ẹ gbà wá o, a fẹ́ kógbá wọlé." Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n á dáhùn. Nígbà kẹta, wọ́n á yí i sí ibòmíì.

Owó kékeré tó ń wọlé lóṣooṣù ni kí ẹ bèèrè. Igba èèyàn tó ń san 500 náírà, 100,000 náírà nìyẹn lóṣù, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè pàṣẹ ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún yín. Olówó tó bá ní òun á san gbogbo rẹ̀ nígbà tí ìdìbò ń sún mọ́lé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má gbà á. Lóṣooṣù, kí atọ́kùn ètò ka ìṣirò jáde: iye tó wọlé, iye tí sáfà gbà, iye epo jẹnẹrétọ̀, owó ọkọ̀ àwọn atọ́kùn, iye tó kù.

Ẹ má sì gba owó náà sí àkáǹtì ẹnì kan. Kí olùgbọ́ tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn lórí fóònù, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì á yọ sí i. Bó bá rí orúkọ ẹnì kan tí kò mọ̀ dípò ti rédíò, ọwọ́ rẹ̀ á fà sẹ́yìn, ẹ ò sì lè bá a wí. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ ṣí àkáǹtì lórúkọ rédíò.

Kíkí àwọn tó fi owó ńlá sílẹ̀ lórí afẹ́fẹ́, tí ẹni tó fi 200 náírà ránṣẹ́ kò sì gbọ́ ẹ ṣeun, kò dáa rárá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òfin ààbò dátà ti 2023 ń bẹ, àwọn kan ò sì fẹ́ kí onílé wọn gbọ́ pé owó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀.

Ní ti orin, àpàlà àtijọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ torí pé ó ti pẹ́. Lábẹ́ òfin wa, ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin ń wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú. Hárúnà Ìṣọ̀lá kú ní 1983. Ẹ ka ọdún dé ìparí 2053. Ẹ lọ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó gbé orin sórí afẹ́fẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ aago. Aago Èkó kì í yí, ti London ń yí ní March àti October. Ètò aago mẹ́jọ alẹ́ yín, aago mẹ́jọ ni ní Peckham ní London nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago méje ni nígbà òtútù. Ẹ máa sọ "aago Èkó" ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá kéde ètò, kí ẹ sì tún un kéde fún àwọn ará òkèèrè ní ọ̀sẹ̀ tí aago wọn bá yí.