Ẹ Yẹ Ilẹ̀ Wò Kí Líìfù Tó Wọ Sáìtì

Ẹni tó ń kọ́ ilé alájà, tàbí tó ń kan òrùlé ilé adìẹ ńlá lóko, lè rí i pé ó yá kí òun háyà líìfù, ẹ̀rọ alágbọ̀n tó ń gbé òṣìṣẹ́ gòkè, ju kí wọ́n máa fi ọparun àti pákó to pẹpẹ kiri. Ó dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ yìí bá máa ṣubú, ilẹ̀ ló sábà máa ń dà á, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì. Ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ ni kí ẹ ti rìn ká ibẹ̀.

Ẹ mú ọ̀pá irin, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe òpó ilé, kí ẹ máa fi gún gbogbo ibi tí táyà máa gbà. Ibi tó bá ti wọlé wẹ́rẹ́, yẹ̀pẹ̀ àdàsí ni, kò tíì dì. Ẹ bi àwọn àgbà ilé: níbo ni ṣalángá àtijọ́ wà? Kànga tí wọ́n dí ńkọ́? Mo dé sáìtì kan tí gbogbo wa rò pé ilẹ̀ ibẹ̀ le bí àpáta. Ìyá àgbà kan tó ń bó ẹ̀gúsí lábẹ́ máńgòrò ló ké sí wa pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, orí ṣalángá bàbá lẹ gbé nǹkan yẹn lé o." A yára wà á kúrò. Nígbà tí a fi irin gún ibẹ̀, ó rì títí dé ibi tí ọwọ́ wa dì í mú.

Bí àyè àárín táyà ọ̀tún àti tòsì bá jẹ́ mítà 1.2, tí táyà kan wá rì ní sẹ̀ǹtímítà 6, tí kò tó gígùn ìka ìfábẹ̀lá, ẹni tó wà lókè ní mítà 12 ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà 60. Ìdí nìyí tí aago ẹ̀rọ fi ń ké bó bá dagun jù. Bó bá ké, ẹ rọra sọ agbọ̀n kalẹ̀. Awakọ̀ tó bá já wáyà aago náà nítorí pé ariwo ń sú u, ẹ fún un lówó ọkọ̀ kó máa lọ ilé.

Ẹ wo táyà pẹ̀lú. Scissor lift, irú líìfù tí irin abẹ́ agbọ̀n rẹ̀ ń ṣí bí àlùmọ́gàjí, tí táyà rẹ̀ kéré tó sì dán, ilẹ̀ kọnkéré ni wọ́n ṣe é fún. Fún ilẹ̀ gbágungbàgun, èyí tí táyà rẹ̀ léyín bíi ti katakata ni kí ẹ bèèrè. Bó bá ní ẹsẹ̀ tó ń nà jáde, pákó tó nípọn tó sì fẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù tì í. Ó ń fọ́ lójijì. Kí ẹ̀rọ náà jìnnà sí etí kòtò ìpìlẹ̀, ó kéré tán bí kòtò náà ṣe jìn tó. Òjò bá rọ̀ lóru, ẹ tún ilẹ̀ gún láàárọ̀.

Ọ̀pọ̀ agbọ̀n kì í gbà ju nǹkan bíi kílò 230. Ọkùnrin méjì tó wọn kílò 75 ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àpò sìmẹ́ńtì méjì ti di 250. Páànù òrùlé ò wúwo, àmọ́ ó ń gba atẹ́gùn bí ìgbòkun. Ẹ má kó o sínú agbọ̀n. Inú agbọ̀n ni kí ẹ so okùn bẹ́líìtì ààbò yín mọ́, kì í ṣe òpó ilé, nítorí táyà tó jìn sí kòtò kékeré nílẹ̀ lè ta ẹni tó wà lókè dànù bí òkúta inú kànnàkànnà. Ẹ má sì wà á kiri nígbà tí agbọ̀n bá wà lókè.

Wáyà háí-tẹ́nṣàn ẹ̀gbẹ́ títì máa ń gbé fóltì 11,000 tàbí 33,000. Kò dìgbà tó bá kanni kó tó pani. Ẹ fi mítà 3 jìnnà sí i, ó kéré tán.

Kẹ́nikẹ́ni tó gòkè láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí awakọ̀ fi ọwọ́ ìsọ̀kalẹ̀ tó wà nídìí ẹ̀rọ han ẹnì kan tó máa dúró nílẹ̀, kí ẹni náà sì fi sọ agbọ̀n kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójú gbogbo yín.