Mẹ́rìnlá péré ni mo ní kí n yà sọ́tọ̀

Tẹ́lẹ̀, àfòpiná kékeré yòówù tí mo bá rí nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, orúkọ kan náà ni mo máa ń pè é. Ìgbà tí mo wá kó mẹ́rìnlá jọ ni mo sọ pé rárá o, jẹ́ kí n mọ ẹni tó ń jẹ mí láṣọ gan-an. Mo kó wọn sí fíríísà mọ́jú kí wọ́n lè kú láìjẹ́ pé ìyẹ́ wọn ya.

Èyí tí kò ní àmì lára jẹ́ mẹ́sàn-án, èyí tó ní tó-tò-tó dúdú mẹ́ta lórí ìyẹ́ iwájú jẹ́ márùn-ún, mo bá pín wọn sí oríṣi àfòpiná aṣọ méjì wéré: Tineola bisselliella ọ̀tún, Tinea pellionella òsì. Inú mi dùn, àṣé mo ti ṣìnà! Ìpẹ́ ara àfòpiná máa ń bó, tó bá sì ti bó, àmì yẹn lọ nìyẹn. Orí wọn ni mo padà wò, irun orí Tineola máa ń pọ́n bí ìpẹtà, ìyẹ́ ẹ̀ á sì máa dán bíi góòlù, ti Tinea kì í dán bẹ́ẹ̀. Mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án yẹn, Tinea tí ìpẹ́ wọn ti bó ni wọ́n.

Wàhálà tó kù ni pé Tinea dubiella jọ pellionella débi pé ojú lásán ò lè yà wọ́n, àfi kéèyàn wo ẹ̀yà ìbímọ wọn. Mo wọ ìbọ̀wọ́ (KOH, ìyẹn potassium hydroxide tó ń mú ara kòkòrò rọ̀, ń jó ara o), mo gé ikùn akọ kan, mo rì í sínú KOH ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, mo gbé e sínú omi gbígbóná, fóònù bá dún, ìgbà tí mo fi máa padà dé ó ti rọ̀ bí ọ̀gì. Ó dùn mí gan-an. Àwọn akọ mẹ́rin tó kù, mi ò kúrò nídìí wọn. Tó bá ti ń rọ̀ díẹ̀ báyìí mo yọ ọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín gbá ìpẹ́ ẹ̀ dànù nínú omi, mo gbé e sínú gilisẹríìnì lábẹ́ máíkírósíkópù. Apá méjì tí akọ fi ń di abo mú ni mo ń wò, mo fi ń wé àwòrán tí Gaden Robinson, onímọ̀ nípa kòkòrò, gbé jáde ní 1979 nígbà tó tún ẹgbẹ́ pellionella, ìyẹn àwọn Tinea tó jọra yìí, yẹ̀ wò.

Mẹ́ta jẹ́ pellionella, ọ̀kan dubiella. Abo mẹ́rin àti èyí tí mo sè bà jẹ́, "ẹgbẹ́ pellionella" ni mo kọ sí wọn lára.