Bí a ṣe ń gbé ìwé D&D àtijọ́ padà sórí tábìlì

Dungeons & Dragons (D&D) ni eré orí tábìlì tí ẹnì kan ti ń darí ìtàn, tí àwọn yòókù á máa sọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn tiwọn ń ṣe, tí wọ́n á sì máa ju dáìsì. Tí ìwé ìrìnàjò rẹ̀ ti ayé àtijọ́, ìyẹn ìwé tí olùdarí fi ń darí eré, bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kà á bí ìwé ìtàn o, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í, wọ́n á ka ojú ìwé mẹ́ta, wọ́n á ní ò dùn, wọ́n á gbé e tì. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ẹ̀ ni adùn ẹ̀.

Keep on the Borderlands tí Gary Gygax, ọ̀kan nínú àwọn tó dá D&D sílẹ̀, kọ ní 1979 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, odi kan létí ààlà àti àwọn ihò abàmì tó wà nítòsí ẹ̀ ló dá lé. Máàpù lẹ máa kọ́kọ́ wò. PDF lèmi rà, mo lọ tẹ máàpù yẹn jáde ní Agbowó, mo fi bírò tọ gbogbo ọ̀nà orí ẹ̀ kí n tó ka ọ̀rọ̀ kankan. Ihò mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, láti A dé K, kò sì sí èyí tí wọ́n ní ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé àwọn tó ń gbé inú ihò wọ̀nyẹn mọ ara wọn, bí ilé fésì-mi-n-fésì-ẹ gan-an ni, tí àwọn tó ń ṣeré bá ká àwọn goblin (iwin kéékèèké) mọ́lé wọ́n á ju àpò owó sí ogre (òmìrán) tó múlé tì wọ́n pé kó wá gba àwọn. Torí náà ẹ mú bébà kan, ẹ kọ ẹni tó ń bá ta ni ṣọ̀rẹ́ àti ẹni tó ń bínú sí ta ni. Iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù nìyẹn, ó ju kẹ́ ẹ há òfin sórí lọ.

Gygax ò sọ àwọn ará inú odi yẹn lórúkọ, iṣẹ́ wọn ló kọ: alágbẹ̀dẹ, àlùfáà, olọ́tí. Ẹ sọ wọ́n lórúkọ fúnra yín. Olọ́tí tèmi ń jẹ́ Ìyá Múfú, ohùn Ìbàdàn pọ́ńbélé ni mo fi ń sọ̀rọ̀ ẹ̀, gbogbo ẹni tá a jọ ṣeré ló ṣì ń béèrè ẹ̀.

Dáìsì olójú 20 tí wọ́n fi ń ṣe eré yìí ṣòroó rí. Ẹ gé bébà sí 20, ẹ kọ nọ́ńbà sí i, ẹ kó o sínú kọ́ọ̀bù, ẹ máa fà á kẹ́ ẹ sì máa dá a padà. Ní 1979 tí dáìsì wọ́n, ohun tí TSR tó ń tẹ D&D fúnra wọn ṣe nìyẹn, nọ́ńbà tí èèyàn máa gé ni wọ́n kó sínú páálí.

Kì í ṣe gbogbo ìpàdé pẹ̀lú àwọn ará inú ihò ló ń di ìjà o. Ẹ ju dáìsì lúdò méjì, tó bá kéré gan-an wọ́n á kọjú ìjà, tó bá pọ̀ ẹ lè jọ dúnàádúrà, inú òfin ìgbà yẹn ló ti wá. Èmi kì í fojú fo èyí torí ọmọdé wà nínú àwọn ihò yẹn, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n di ẹran pípa lórí tábìlì mi.

Ẹni kan láàrin àwọn tó ń ṣeré ni kó máa ya máàpù bẹ́ ẹ ṣe ń ṣàlàyé fún un. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó rí tiyín, kódà tó bá yà á wọ́.