Kí Ẹ Tó Mòòkùn Lọ Bá Thistlegorm: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Ọkọ̀ ẹrù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni Thistlegorm. Sunderland ni wọ́n ti kàn án ní 1940. Nígbà Ogun Hitler, wọ́n di ẹrù àwọn ọmọ ogun kún inú rẹ̀, ó di Íjíbítì. Ojú omi Mẹditaréníà kò ṣe é gbà nígbà náà, ló bá gba ìsàlẹ̀ Áfíríkà yí po kó tó wọ Òkun Pupa. Ibi tó dúró sí ní Sha'ab Ali, ibi òkìtì iyùn kan nínú òkun Íjíbítì, tó ń retí àtiwọ ipa omi Suez, ni bàálù ogun Jámánì bá a sí lóru ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá 1941. Apá ibi tí wọ́n kó ọta sí ni bọ́ǹbù bà. Ọkọ̀ náà rì, èèyàn 9 kú. Ìbúgbàmù náà le débi pé orí ọkọ̀ ojú irin méjì tí wọ́n gbé sórí rẹ̀ fò lọ sínú òkun. Wọ́n ṣì wà lórí iyanrìn nísàlẹ̀ níbẹ̀ dòní.

Iyùn ti hù bo irin ọkọ̀ náà báyìí, ẹja ti fi ṣe ilé, èrò sì ń rọ́ lọ wò ó láti Sharm el-Sheikh, ìlú etíkun kan ní Íjíbítì. Èrò yẹn gan-an ló ń tan èèyàn jẹ. Bí a bá ti rí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbafẹ́ lójú kan, a ó ti gbà pé kò séwu níbẹ̀.

Ilé ni àwọn kan ti ń ṣe àṣìṣe tiwọn bọ̀. Ìwé ẹ̀rí ìmòòkùn àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Open Water, mítà 18 péré ló fàyè gbà. Thistlegorm sì jókòó sórí iyanrìn ní nǹkan bí mítà 30. Ní ibẹ̀, afẹ́fẹ́ inú sílíńdà ń tán ní ìlọ́po mẹ́rin bó ṣe ń tán lókè omi, nàìtírójìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ náà sì máa ń pa èèyàn bí ẹmu. Ẹ ó wo géèjì tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù, ẹ ó ka nọ́ńbà, kó tó pẹ́ ẹ ò ní rántí iye tí ẹ kà. Ẹ lọ gba ẹ̀kọ́ mítà 30 kí ẹ tó sanwó ọkọ̀. Bí ẹnì kan bá ní òun á mú yín lọ bẹ́ẹ̀ náà, owó yín ló ń wò.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni ìṣàn omi. Ó lágbára níbẹ̀, ó sì lè yí padà kí ẹ tó gòkè. Àwọn kan á bẹ́ sómi tán, wọ́n á wá máa tún awò ojú ṣe, kí wọ́n tó gbójú sókè, okùn tó ti ojú omi lọ sísàlẹ̀ ti jìnnà sí wọn. Okùn yẹn ni kí ẹ dì mú látòkè dé ìsàlẹ̀, òun náà ni kí ẹ bá padà, kí ẹ sì dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà márùn-ún. Ẹ má ṣe sé èémí nígbà tí ẹ bá ń gòkè, torí ẹ̀dọ̀fóró lè fàya. Bí okùn bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ tú bọ́ọ̀yì pupa yín sókè kí àwọn awakọ̀ lè rí ibi tí ẹ ó ti yọ.

Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù fún àwọn èèyàn. Ibi ìkẹ́rù rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń wọlé. Ẹ ó rí lọ́ọ̀rì Bedford, ẹ ó rí alùpùpù BSA tí wọ́n tò sẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rí bàtà òjò lókìtì. Ojú ò ní kúrò níbẹ̀, ẹ ó ní kí ẹ kàn yọjú sí yàrá kejì. Ìgbà náà ni ẹnì kan á ta ẹsẹ̀ nílẹ̀, ẹrẹ̀ á dìde. Èémí yín pàápàá ń lọ gbá àjà, ìpẹtà á máa já bọ́ lé yín lórí, tọ́ọ̀ṣì ò ní ríran mọ́. Àwọn míràn á tún gba ọ̀nà tóóró kan náà bọ̀ wá pàdé yín. Bí ẹ kò bá tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ inú ọkọ̀ tó rì, ẹ má kúrò níbi tí ẹ ti ń rí ojú omi gbangba. Àwọn tó kọ́ ọ, okùn atọ́nà àti tọ́ọ̀ṣì méjì, ìdámẹ́ta afẹ́fẹ́ ni kí ẹ fi lọ. Bí géèjì bá ka 210 bar nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, tó bá ti di 140, ẹ yí padà. Òmùwẹ̀ ní í kú sómi, àwọn tó ti mòòkùn tipẹ́ ló sì máa ń fojú di òfin yìí jù.

Ẹ fi ọwọ́ mọ́ra. Ọta àti bọ́ǹbù wà níbẹ̀ síbẹ̀, ẹja tó ní ẹ̀gún olóró sì ń fara pamọ́ sára irin. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tú nǹkan lára alùpùpù lọ fi ṣe ìrántí nílé, kò yé mi rárá. Èèyàn kú síbẹ̀!

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ ìgbafẹ́ yín ibi tó máa so okùn mọ́. Àwọn kan ń so ó mọ́ ara Thistlegorm, ìgbì á máa fà á, irin á máa ya. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú rẹ̀ náà ń mú un dípẹtà, ìdí nìyẹn tí HEPCA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká Òkun Pupa ní Íjíbítì, fi lu ihò sí i lára ní 2007 kó lè máa rọ́nà jáde.

Àwọn míràn á sì fi Thistlegorm sí ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ìsinmi wọn, bàálù lọ́la ní kùtùkùtù. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan lábẹ́ omi, ó kéré tán, wákàtí 18 gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó wọ bàálù, kí nàìtírójìn má baà hó nínú ara yín lókè. Ẹ fi í sí àárín ìsinmi.