Nígbà Tí Ogun Òkèèrè Bá Sọ Dísù Di Ọ̀wọ́n: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Oníṣòwò Àkúrẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ogun ń jà lọ́hùn-ún, dísù wá wọ́n ní Àkúrẹ́. Ṣebí epo rọ̀bì wà ní Ìlàjẹ níbí, Dangote náà sì ń fọ epo?

Ìdáhùn: Epo wà nílẹ̀ wa lóòótọ́, àmọ́ ọjà àgbáyé ló ń dá iye rẹ̀, dọ́là sì ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Kódà epo rọ̀bì tí Dangote ń fi náírà rà, iye ọjà àgbáyé ni wọ́n ń wò. Ní 2024, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún epo tí gbogbo ayé ń lò ló gba ojú omi tóóró Hormuz, láàárín Iran àti Oman. Bí ìbọn bá ti dún lágbègbè yẹn, jìnnìjìnnì a bo ọjà. Nígbà tí Ísírẹ́lì kọlu Iran ní oṣù kẹfà 2025, àgbá kan epo Brent, ìyẹn epo rọ̀bì tí wọ́n fi ń díwọ̀n iye ọjà àgbáyé, kúrò ní nǹkan bí dọ́là 69, ó sún mọ́ 80, ó sì tún wálẹ̀ kí oṣù tó parí. Ti Ukraine ní 2022 le jù bẹ́ẹ̀ lọ: lítà dísù tí kò pé 300 náírà ní oṣù kìn-ín-ní ti kọjá 700 ní oṣù keje. Nítorí náà, ẹ má gbé òwò yín lé àsọtẹ́lẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: Mo ní kóòdù rúùmù ẹja lẹ́bàá Ọjà Ọba. Ọjà ń tà, àmọ́ bí oṣù bá parí, n kì í rí èrè. Kí ló ń jẹ owó mi?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ fi náírà sílẹ̀ ná, lítà ni kẹ́ ẹ máa kà. Iye tí wọ́n ń ta dísù kò sí lọ́wọ́ yín. Iye lítà tí páálí ẹja kan ń jẹ ló wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ọ́ sínú ìwé: lítà tẹ́ ẹ rọ sí jẹnẹrétọ̀ àti páálí tẹ́ ẹ tà. Ká ní lítà 30 lọ lórí páálí 60, ìdajì lítà ni páálí kan jẹ. Bí lítà bá fi 200 náírà lé, páálí gbọ́dọ̀ fi 100 náírà lé lọ́jọ́ náà gan-an. Ibẹ̀ ni èrè ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jò: wọ́n ń fi iye dísù àná ta ọjà òní.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí lítà ń bá lọ. Ẹ fi owó bébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn kóòdù rúùmù, ẹ tì í, kẹ́ ẹ wá fà á. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́, rọ́bà ilẹ̀kùn ti kú nìyẹn, òtútù ń jáde. Ẹ wo ẹnu sàlẹ́ńsà jẹnẹrétọ̀ náà. Bí ohun dúdú ọlọ́ràá bá ń kán níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí jẹnẹrétọ̀ tóbi ju ẹrù tó ń gbé lọ. Irú rẹ̀ máa ń mu epo dànù, ó sì ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Bí iná NEPA bá dé, ẹ jẹ́ kó mú yàrá tutù dáadáa, kẹ́ ẹ tì í pa. Fírísà tó kún tí ẹnikẹ́ni ò ṣí lè di òtútù mú fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Tó bá kún dé ìdajì, bí ọjọ́ kan ni. Ẹ fi ike omi dídì dí àyè tó bá ṣófo.

Ìbéèrè: Ṣé kí n ra bẹntiróòlù pamọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì kó tó tún wọ́n?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ jọ̀ọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde lára rẹ̀ lásán ń gbiná, ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò yín á sì bá a lọ.

Ìbéèrè: Ilé búrẹ́dì ni tèmi, lọ́nà Ondo. Bí mo bá fowó lé e, àwọn tó ń gbà á tà á sá.

Ìdáhùn: Ẹ má yọ́ ìwọ̀n rẹ̀ dín kù. Ẹni tó ń rà á lójoojúmọ́ mọ bó ṣe ń wúwo lọ́wọ́ òun. Ẹ pè wọ́n jókòó, ẹ ṣí ìwé lítà yín hàn wọ́n. Bí iye epo bá wálẹ̀, kí iye búrẹ́dì náà wálẹ̀ bó ṣe gòkè, wọ́n á gbà yín gbọ́ nígbà mìíràn. Ẹ sì máa yan gbogbo rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn láìdúró kí ààrò má tutù, torí àtimú un gbóná padà ń jẹ epo púpọ̀.

Ìbéèrè: Sólà ńkọ́?

Ìdáhùn: Mo fara mọ́ ọn, torí ogun kì í fi kún iye oòrùn. Àmọ́ dọ́là wà nínú iye páànẹ́lì àti bátìrì náà, ẹ má torí rẹ̀ yá owó elé gọbọi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án: gílóòbù, POS, fírísà kan. Kọ́mpírẹ́sọ̀ ńlá máa ń fa iná púpọ̀ nígbà tó bá ń gbéra, ìnfátà kékeré kò lè gbé e. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù wọ́n ju ti ásíìdì lọ, àmọ́ ó ń pẹ́ jù ú lọ dáadáa. Kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí oníṣẹ́ sólà ṣírò iye iná tẹ́ ẹ ń lò, ẹ ti pààrọ̀ rọ́bà ilẹ̀kùn yẹn ná, kó má bàa ta páànẹ́lì tó pọ̀ jù fún yín.