Máàpù mi tán sí Abẹ́òkúta, ṣé ibẹ̀ náà ni omi tán sí láyé àtijọ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo wà, project mi dá lórí bàsíà òkúta Dahomey, ìyẹn ilẹ̀ tó jin bí àwo tí yanrìn àti amọ̀ tó ti di òkúta kún inú ẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti Ghana, tó gba Togo àti Benin kọjá wọ ilẹ̀ Yorùbá. Mo ya máàpù ìnípọn òkúta, mo wá fa ìlà òdo sí ibi tí òkúta ti tán lónìí, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi dá a padà, wọ́n ní kí n lọ wá etí ẹ̀ ti àtijọ́. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, o ṣeun tó o béèrè. Ṣe lo gba ibi tí òkúta tán sí bíi pé ibẹ̀ náà ni omi tó tò ó jọ tán sí, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì lè jìnnà síra gan-an. Wo etí aṣọ, èyí tí télọ̀ ṣẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó ya, tó o bá rí ìṣẹ́tí o mọ̀ pé aṣọ yẹn ò kọjá ibẹ̀ rí, àmọ́ tó o bá rí òwú tó ń tú létí ẹ̀, o mọ̀ pé apá kan ti lọ. Òkúta náà nìyẹn. Tó bá ń fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń súnmọ́ etí, tí hóró yanrìn ẹ̀ ń tóbi sí i, tí òkúta wẹ́wẹ́ ń pọ̀ nínú ẹ̀, ìṣẹ́tí gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá ṣì nípọn dáadáa tó wá dúró gbì, tó sì jẹ́ amọ̀ dúdú tó máa ń rọlẹ̀ jẹ́ẹ́ nínú omi jíjìn lo bá níbi tó dúró sí, ọ̀gbàrá ló gé e, ìyókù ti wọ́ lọ tipẹ́.

Jáde ní Abẹ́òkúta kó o máa lọ sí ọ̀nà Èkó, wàá rí yanrìn àkọ́kọ́ tó jókòó lórí òkúta líle, irú èyí tó wà lábẹ́ Ìbàdàn wa yìí. Mo ti bu ú sí àtẹ́lẹwọ́ rí, hóró ẹ̀ ṣì mú létí, kò tíì dán, ẹfun funfun sì lẹ̀ mọ́ mi níka. Òkúta líle tó jẹrà ló di ẹfun yẹn, hóró tó ṣì mú sì fi hàn pé kò rìn jìnnà kó tó dé ibẹ̀. Torí náà fún yanrìn ìsàlẹ̀ yẹn, ìlà ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀nà. Àmọ́ jọ̀ọ́, má gbé ìlà kan náà fún òkúta Ewékorò tí wọ́n ń wa fi ṣe símẹ́ńtì, èyí tó ti tó bíi 60 mílíọ̀nù ọdún. Yanrìn wà ní ìsàlẹ̀ tiẹ̀, bó o ṣe ń gòkè ni yanrìn ń dín kù tí ìkarahun ń pọ̀, ewé inú òkun ló wá pọ̀ lókè. Òkun ń wọ ilẹ̀ sí i lásìkò yẹn nìyẹn, etí òkè ẹ̀ ò lè wà lójú kan náà pẹ̀lú etí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Fa ìlà ọ̀tọ̀ fún ìpele kọ̀ọ̀kan, kó o kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà bóyá ìṣẹ́tí ni àbí ibi tó ya.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, nínú kànga ibòmíì tí mo fi ń wéra, vitrinite ka 0.7% ní 600 mítà péré. Ọ̀rẹ́ mi sọ pé lab ló ṣì í kà, pé kí n yọ ọ́ dànù.

Ìdáhùn: Má yọ ọ́ o! Vitrinite jẹ́ igi wẹ́wẹ́ inú amọ̀, bí ooru bá ṣe sè é tó ló ṣe máa dán tó, ìdá ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà sì ni 0.7% yẹn. Ká ní ooru orí ilẹ̀ jẹ́ 26°C, tó ń fi 30°C lé sí i ní kìlómítà kọ̀ọ̀kan, 600 mítà ò lè ju 44°C lọ, bẹ́ẹ̀ 0.7% ń fẹ́ nǹkan bíi 100°C. Tó o bá bá ẹ̀wà tó ti rọ̀ lórí ààrò tó ti tutù, ṣé wàá sọ pé ẹ̀wà ò jinná ni? Iná ti wà níbẹ̀ rí. 56°C tó sọnù yẹn, tó o bá pín in sí 30, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjì òkúta tó ti wà lórí kànga yẹn rí tí ò sí mọ́.

Ṣùgbọ́n iná lè ti ibòmíì wá, òkúta yíyọ́ lè ti gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Lọ wo bí ohùn ṣe ń yára tó nínú amọ̀ kànga náà, torí amọ̀ tí ẹrù bá ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í wú padà bí wọ́n tiẹ̀ sọ ẹrù náà kalẹ̀. Tí ohùn bá yára ju bó ṣe yẹ ní 600 mítà lọ, òótọ́ ni pé ẹrù wà níbẹ̀ rí. Tó bá jẹ́ vitrinite nìkan ló ga, máa fura sí òkúta yíyọ́. Ní Benue Trough, ìyẹn bàsíà gígùn tó tẹ̀ lé odò Benue, méjèèjì ló ṣẹlẹ̀ o, ilẹ̀ ká jọ ní nǹkan bíi 84 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ọ̀gbàrá gé òkè ẹ̀ lọ, òkúta yíyọ́ náà sì wọlé sí i, torí náà nọ́ńbà kan ṣoṣo ò tó gbọ́kàn lé níbẹ̀. Kó gbogbo nọ́ńbà vitrinite kànga náà sórí gráàfù, kó o na ìlà wọn sókè títí tó fi kan 0.2%, ìyẹn iye igi tí ooru ò tíì sè, ibi tó o bá kàn án sí ni ojú ilẹ̀ àtijọ́.

Ìbéèrè: Kí ló wá kan epo nínú ẹ̀?

Ìdáhùn: Ó kàn án gan-an. Tí epo bá ti jinná tó sì ti gbéra kí ilẹ̀ tó ká jọ, agbada tó yẹ kó gbà á, ìyẹn ibi tí òkúta ti ká tí epo lè dúró sí, ò tíì sí nígbà yẹn, kànga tó o bá wà síbẹ̀ á gbẹ ni. Tó bá sì jẹ́ kìkì èyí tí ọ̀gbàrá ṣẹ́ kù nínú amọ̀ tó ń pèsè epo lo kà, iye epo tó o máa rò á kéré ju òótọ́ lọ. Wo ọ̀dà ilẹ̀ tó wà ní Agbábú ní Òǹdó: epo tó ti rìn dé etí bàsíà ni, apá tó fúyẹ́ nínú ẹ̀ ti lọ, ó ku èyí tó ki.

Ìbéèrè: Mo gé Áfíríkà àti Brazil nínú páálí láti fi wọ́n pọ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, Niger Delta gun orí Brazil.

Ìdáhùn: Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Nígbà tí Bullard, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe é ní 1965, kì í ṣe etíkun ni wọ́n lò, etí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ omi, ní nǹkan bíi 900 mítà, ni wọ́n lò. Delta sì kọjá síbẹ̀, torí ẹ̀yìn tí ilẹ̀ méjèèjì pínyà ni odò kó erùpẹ̀ ẹ̀ wá. Gé e kúrò lára páálí Áfíríkà ẹ kó o tó tún un fi wé.